Rédíò Tó Kù Lọ́wọ́ Ọkọ Àbúrò Mi

Ojú mi yìí ni mo fi rí i, ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ oko ní Ìdásẹn, kò sì sí ọkùnrin tó mọ igbó wa tó mi.

Ọkọ àbúrò mi ló máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò wokitóki wa. Á fẹnu fẹ́ ojú wáyà kó tó tì í bọ rédíò, á wá fi gbogbo wa sí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà kí a lè máa gbọ́ ara wa. Tó bá parí, á ní kí n lọ dúró lókèèrè, á fi rédíò pè mí láti dán an wò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Iyán."

"Abájọ tí ohùn yín fi wúwo."

Rédíò tí kò bá tíì dáhùn, kì í gbé e fún èèyàn.

Nígbà ọyẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà wá bá wa lóko. Bátìrì rẹ̀ kú nígbà tó ku rédíò kan. Ó pín àwọn tó ti parí fún wa, ó fi èyí tó kù sápò ara rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni iná ran oko, gbogbo wa sì fọ́n ká láti pa á. Láti orí àpáta, mo rí i láàárín èéfín, ó gbé rédíò sẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀. Rédíò ọwọ́ mi kò gbé ohùn rẹ̀. Mo sáré, ṣùgbọ́n iná ti dínà.

Oko kòkó méjì ló jóná, pẹ̀lú ọ̀kadà kan àti rédíò kan. Èèyàn kan ló kú.