Ùlà Ọsàn Mẹ́ta

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì kan kọjá ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó-Èkìtì, mo rí ọkùnrin kan tó gbé páńpù kọ́ ẹ̀yìn, tó ń fín oògùn kòkòrò sí àwọn igi ọsàn kéékèèké tí wọ́n gbin ata sáàárín wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún obìnrin tó ń já ata níwájú rẹ̀ pé kó kúrò. Òórùn náà gbá mi nímú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń bi mí ohun tó dé tí mo fi ń bínú sí nǹkan tí gbogbo ayé ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí n má sì fo ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yìn ìlú ni ọgbà ọsàn ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sí Òkè-Ìlá. Bàbá Tíṣà là ń pè é, mi ò sì ní pè é ní "wọ́n" nínú ìtàn yìí. Àwọn igi náà tò lọ gbọọrọ, àárín wọn fẹ̀ débi pé oòrùn ń rí ilẹ̀. Ilẹ̀ àárín yẹn ni ìyá mi ń dá. Níbi tí òjìji pọ̀ sí, wọ́n gbin gbúre àti ṣọkọ. Níbi tí oòrùn ti mú, wọ́n gbin tòmátì àti ilá, tí àwa ń pè ní ulá. Omi tí wọ́n bá bù fún ẹ̀fọ́, igi ọsàn á mu nínú rẹ̀. Nígbà tí òdòdó ọsàn bá ń rẹ̀, ewé ẹ̀fọ́ á funfun bí ẹni pé ẹnì kan fọ́n gààrí sí i lórí.

Tinú, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ káfíńtà kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣiṣẹ́ l'Ádó, máa ń jẹ ulá tútù lórí ìdúró bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

Ìyá mi á ní, "Tinú, o ò wá ní jẹ́ kó dé ìkòkò?"

"Mò ń bá yín tọ́ ọ wò ni, mà."

Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹnu ará Èkìtì ò lè pe ilá láìki "u" bọ̀ ọ́.

Lọ́dún kan, kòkòrò bo ọsàn. Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní: Bàbá Tíṣà ra oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó, tí kò yẹ kó súnmọ́ oúnjẹ. Èkejì: kò sọ fún ìyá mi, tó ń já ẹ̀fọ́ nínú ọgbà yẹn lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹta: òun tó ń nà wá ní kíláàsì nítorí àmì ohùn, ó fi ìkánjú kọ ìwé pélébé sí Dáre, ọkùnrin tó ń bá a fín oògùn, láìfi àmì kan ṣoṣo sí i: "Dare, fin ula meteeta." Ùlà ló ní lọ́kàn, ìyẹn ìlà igi ọsàn mẹ́ta tí kòkòrò wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ebè ulá tó wà láàárín wọn náà, mẹ́ta ni.

Dáre fín ulá. Ó rí i pé kòkòrò ti dá ihò wẹẹrẹ sí ewé rẹ̀, ó sì gbà pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun nìyẹn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tinú já méjì, ó nù wọ́n mọ́ aṣọ, ó jẹ wọ́n. Ó ní wọ́n korò. Mo ní ẹnu rẹ̀ ló korò. A ò tíì dé etí títì tó fi ṣubú, tó ń gbọ̀n, tí eyín rẹ̀ ń lura wọn. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta kò mọ́ bá a.

Nígbà tí àwọn àgbà jókòó sí ọ̀rọ̀ náà, Bàbá Tíṣà fa ìwé rẹ̀ yọ, ó fi ohùn tíṣà kà á. "Ùlà rèé. Ta ni ò mọ̀ pé ùlà ni?" Dáre wojú mi. Lẹ́yìn náà ló wolẹ̀, ó ní, "Èmi ni mo ṣì í kà, sà."

Dáre kò mọ̀wé kà. Bàbá Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi ní kí èmi mú ìwé náà lọ nìyẹn, kí n kà á sí i létí. Ìlà ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Mi ò rí ùlà nínú ìwé rí. Ulá tí ìyá mi ń sè ni mo mọ̀, òun ni mo kà. Bí mo ṣe fẹ́ lanu láàárín àwọn àgbà, Bàbá Tíṣà tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Nílé, ó ní, "Ọmọ wa ni ọ́. Àgbàlagbà ni Dáre, á rù ú." Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrin nìyẹn. Dáre kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú kí oṣù tó parí. Ìkarùn-ún, èmi ni mo ni ín: mo gbà bẹ́ẹ̀, mo dákẹ́, mo dàgbà, mo lọ sí yunifásítì lọ kẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá.

Wọ́n ti gé àwọn ọsàn náà, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Àwọn ọmọ Bàbá Tíṣà ń fi fóònù ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ wọn báyìí, àmì kankan kò sí níbẹ̀ náà. Màmá Tinú ṣì wà ní Òkè-Ìlá. Lọ́jọ́ tí mo gbọ́ òórùn yẹn, ilé wọn ni mo gbà lọ, mo ti to ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu. Wọ́n ń gbàdúrà lọ́wọ́, wọ́n nawọ́ sí mi kí n wá kúnlẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ fún ẹ̀mí mi, wọ́n pè mí ní èyí tó kù fún wọn nínú Tinú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ Dáre, bí wọ́n ti ń ṣe láràárọ̀ láti ọjọ́ yìí wá, wọ́n ní kó má rí ìsinmi níbikíbi tó bá wà.

Mo ṣe àmín.