Ọkọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Gbé Imú Sókè

Mo ṣàdúrà, kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti ìgbà tí mo ti ń tọ́mọ.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló gbé ọkọ̀ wá síwájú ilé mi láàárọ̀ ọjọ́ náà, lórí ọkọ̀ akẹ́rù. Ọmọ ọmọ mi obìnrin wà lára wọn. Èmi ni mo tọ́ ọ láti ìgbà tó ti ń rá, nítorí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ṣe ọkọ̀ ọ̀hún, àwọn àti olùkọ́ wọn. Títì tuntun tí wọ́n ń ṣe lọ sọ́nà Olúpọ̀nnà ni wọ́n fẹ́ ti sá a, níbi tó gún gbọọrọ, tí wọn ò tíì ṣí fún ará ìlú. Wọ́n ti gba àṣẹ. Wọ́n yà kí mi, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀. Mo sì wúre fún wọn bí mo ṣe máa ń wúre fún gbogbo ọmọ:

"Ọlọ́run Ọba á gbé yín sókè. Òkè òkè lẹ ó máa lọ, ẹ ò ní wálẹ̀."

Kẹ́kẹ́ pa. Wọ́n ń wo ara wọn. Ọmọ ọmọ mi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba àdúrà yẹn padà. Ilẹ̀ gan-an la fẹ́ wà o."

Ìyálé mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbójú sókè. "Ìyàwó," ó ní, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń pè mí tí eyín fi tán lẹ́nu àwa méjèèjì, "kí lo sọ sí wọn tí wọ́n fi ń wò bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ?"

Olùkọ́ wọn ló ṣàlàyé, ọkùnrin tó ní sùúrù ni. "Màmá, ṣé ẹ ti ru páànù ìkọ́lé rí?"

Mo ní mo ru ú títí dé abúlé ọkọ mi lọ́nà Kuta.

"Tí atẹ́gùn bá kó sábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ó máa ń fẹ́ gbé tènìyàn tẹrù lọ ni. Ìgbà kan wà tó fà mí wọ oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, tí onítọ̀hún ń bú mi bí ẹni pé èmi ni mo ní atẹ́gùn.

"Bí ti ọkọ̀ yìí ṣe rí nìyẹn, Màmá. Tí eré bá ti pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ kó sábẹ́ imú rẹ̀. Tó bá wá gbé imú sókè pẹ́nrẹ́n, sítẹ̀rìǹ ò wúlò mọ́, búréèkì ò wúlò mọ́. Ó ti di páànù."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ọkọ̀ náà dáadáa. Ó gùn, ó sùn mọ́lẹ̀ bí ọ̀nì. Àyè ẹnì kan péré ló wà nínú rẹ̀, irin sì tẹ̀ kọrọdọ lé ibẹ̀ lórí bí àgò adìẹ.

"Ta ló máa jókòó síbẹ̀?"

Wọ́n yíjú sí ọmọ ọmọ mi.

"Èmi ni, Màmá àgbà," ọmọ ọmọ mi wí. "Èmi nìkan ni àyè ibẹ̀ gbà."

"Ta ló ń bá ọ du ú?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi nìkan ni n ó sá a. A kàn fẹ́ mọ bó ṣe lè yára tó ni."

Ìyálé mi pòṣé. "Èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e. Èwo ni tìẹ?"

"Ìyá, èmi gan-an ni ejò náà."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Níbi tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ti já ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó rò pé mo ti mọ̀: "Ejò tó fẹ́ di ẹyẹ lọ́jọ́sí!"

Mo ní kí ni ìyẹn. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu gbogbo wọn. Ọmọ ọmọ mi ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ń wolẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dán ọkọ̀ náà wò, òun ló wà á, táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Kò rí títì mọ́, ojú ọ̀run nìkan ló rí. Ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí irin tí wọ́n ń tẹ̀ fún eré, imú ọkọ̀ já wálẹ̀ gbì, ó ta síbí, ó ta sọ́hùn-ún, kó tó dúró.

"O ò ní wọ̀ ọ́," mo wí.

Kò bá mi jiyàn. Ó fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ọkọ̀ náà, ó ń fi ibi tí wọ́n tún ṣe hàn mí. Wọ́n ti di irin wúwo sínú imú rẹ̀. Wọ́n ti rẹ iwájú sílẹ̀ kí àlàfo abẹ́ rẹ̀ má pọ̀. Ohun kan wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ìyẹ́ apá, ṣùgbọ́n ó ní ti ẹyẹ ń gbé ẹyẹ lọ sókè ni, tiwọn ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ká aṣọ ńlá kan sí ìdí rẹ̀. Tó bá fa okùn, aṣọ náà á ṣí bí agboorùn, á máa fà á padà. Ó fi bẹ́líìtì hàn mí, ó fi akoto hàn mí.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn yòókù má gbọ́.

"Tó o bá mọ̀ ọ́n lára pé ó tún fẹ́ gbé imú ńkọ́?"

"Màá yọ ẹsẹ̀."

"Tí gbogbo ayé bá ń wò ọ́?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Màá yọ ẹsẹ̀, Màmá àgbà."

Ìdákẹ́ díẹ̀ yẹn ló bà mí lẹ́rù ju ọkọ̀ lọ. Mo ní tí wọ́n bá ń lọ, mò ń bá wọn lọ.

Àdúrà ṣì kù. Wọn ò fẹ́ lọ láìjẹ́ pé mo wúre fún wọn, èmi náà ò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tó já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ tún ara rẹ̀ ṣe. "Màmá, ẹ kúkú sọ pé kí ilẹ̀ mú un dáadáa."

Ìyálé mi da àtẹ ẹ̀wà nù. "Kí ilẹ̀ ṣe kí ni? Ọ̀dàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń mú! Ta ni ọmọ mi dà?"

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ tòun ti akoto lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, Ìyá. Mo ní kí ilẹ̀ gbà á mọ́ra ni."

"Ó tún wá burú sí i! Òkú lò ń pè é báyìí! Ẹ gba ẹnu lọ́wọ́ ọmọ yìí!"

Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, má rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wá àdúrà kiri nínú ara mi, n ò rí. Gbogbo èyí tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, òkè ló ń lọ. Èyí tó bá ti lọ sílẹ̀, èpè ni. Nígbà tó pẹ́, mo gbé ọwọ́ lé ọmọ ọmọ mi lórí, mo ní: "Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa fi tẹ títì lọ. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa fi tẹ̀ ẹ́ bọ̀."

Àmín yẹn dé òdìkejì àdúgbò.

A dé títì. Wọ́n ti fi ẹ̀ka igi dí ọ̀nà fún àwọn ọlọ́kadà, Fúlàní kan sì ti kó màlúù rẹ̀ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, àwọn tó gbé agolo ìpaná náà wà níbẹ̀. Mo ń wo nọ́ọ̀sì yẹn, mi ò fẹ́ràn kó wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó lọ. Wọ́n so àkísà pupa mọ́ ọ̀pá lẹ́bàá títì: tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn ò ní lọ. Ó ń fẹ́ ẹ. A dúró. Oòrùn ń gun orí wa, ọmọ mi wà nínú irin yẹn pẹ̀lú bẹ́líìtì láyà. Àwọn èwe tó wá wòran ti ń hó, "Ẹ jẹ́ ó máa lọ! Ṣé ẹ ti jẹ owó epo ni?" Ojú olùkọ́ ò kúrò lára àkísà náà. Àkísà náà rọ̀ wẹ́rẹ́. Olùkọ́ ju ọwọ́ sílẹ̀, àmì pé kó máa lọ.

Mo ní Bísímílà. Ariwo rẹ̀ kọjá lára mi kí n tó pè é tán. Kì í ṣe ariwo ọkọ̀, bí aṣọ tuntun tí wọ́n ń ya ni. Ó ń kéré lọ, eruku ń lé e. Àwọn ọmọ ń fò, wọ́n ń pariwo pé ó ti fẹ́ dé ibi tí wọ́n fàmì sí láti fi wọn eré rẹ̀.

Ariwo náà já lójijì.

Mi ò mọ̀ pé mo ti jókòó sórí títì. Mo rí aṣọ ńlá ọ̀hún tó ṣí lọ́nà jínjìn. Mo rí ọkọ̀ náà tó yà díẹ̀, tó tún tọ́, tó rọra ń lọ, tó dúró. Gbogbo ayé sáré. Wọ́n fi ọkọ̀ gbé mi lọ bá wọn.

Ó ti jáde. Ó jókòó lẹ́bàá táyà, akoto wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó já ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ dúró lé e lórí.

"Ó ku díẹ̀! Ó ku díẹ̀ báyìí! Kí ló dé tó o fi yọ ẹsẹ̀?"

"Sítẹ̀rìǹ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi."

"A ò rí i kó gbé imú!"

"Ẹ ò lè rí i. Ọwọ́ mi ló wà."

"Ojo ni ẹ́ jàre."

Olùkọ́ ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ sórí akẹ́rù. Kò sẹ́ni tó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ mọ́. Mo bu omi sínú ife fún un. Mo bá a dì í mú.

"Màmá àgbà, wọ́n ń bínú sí mi."

"Jẹ́ kí wọ́n bínú," mo wí. "Mu omi."