Ọ̀já Ìkookò Inú Ilé Dókítà Eléyín

Màmá Ìkòkò ni gbogbo àdúgbò ń pe obìnrin yìí, bẹ́ẹ̀ kò mọ ìkòkò rí, kò sì tà á rí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ń tún ìwé tó ya ṣe ní yàrá ẹ̀yìn ilé-ìkàwé kan, tó ń fi gọ́ọ̀mù àti òwú so ẹ̀yìn ìwé tí àwọn ọmọléèwé ti fà tu. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ohun tí ì bá máa ṣe mọ́, ló bá dáwọ́ lé ewéko inú ilé. Tirẹ̀ nìkan kọ́ o. Tirẹ̀ ò ju mẹ́tàlá lọ, ara gbogbo wọn ló sì dá ṣáṣá. Ewéko ẹlòmíràn ló ń dùn ún lọ́kàn.

Bó bá wọlé yín, kó tó jókòó, á ti gbé ìkòkò òdòdó tó wà ní kọ̀rọ̀ sókè, á ti yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bó bá rí i pé gbòǹgbò ti yọ jáde nínú ihò ìsàlẹ̀, ẹ gbàgbé ohun tí ẹ fẹ́ bá a sọ.

“Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta. Bí ẹ bá bomi sí i, ṣé kì í ṣe pé ó kàn ń ṣàn kọjá wẹ́rẹ́ ni? Gbòǹgbò ti jẹ gbogbo erùpẹ̀ tán. Ẹ̀ ń fún un lómi, kò rí i mu.”

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá ọkọ rẹ̀ wá jẹun nílé wọn, Màmá Ìkòkò da odindi ewéko kan sórí tábìlì oúnjẹ, ó ní gbòǹgbò rẹ̀ ti ń pa á lọ. “Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́,” ni ọmọ náà wí, “bí ẹ bá tún ń bọ̀ níbí, ẹ kó ọwọ́ yín sápò.” Ọkọ Màmá ní tirẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bàtà rẹ̀ ló kàn máa ń gbọ̀n kó tó wọ̀ ọ́, nítorí kò sọ́jọ́ tí erùpẹ̀ kì í sí níbẹ̀.

Eyín ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọkọ rẹ̀ sì ní kó lọ rí dókítà eléyín tó wà ní òkè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Ó gun àtẹ̀gùn náà, ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Àga mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwòrán eyín ńlá kan tó ń rẹ́rìn-ín wà lára ògiri, ọmọbìnrin kan tó ń gba orúkọ jókòó nídìí tábìlì. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ní kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ni ewéko náà wà.

Ọ̀já ìkookò ni, èyí tí ewé rẹ̀ máa ń dúró ṣánṣán bí idà, tó ní ìlà ìlà lára. Ṣùgbọ́n èyí kò rí ibi dúró ṣánṣán mọ́. Àwọn ewé náà há mọ́ra wọn bí ìwé tí wọ́n kì bọ inú pẹpẹ tó ti kún. Àwọn ọmọ ewé tó fẹ́ yọ kò rọ́nà, wọ́n ń wọ́ jáde ní ẹ̀gbẹ́. Inú ìkòkò tánganran funfun kan ló wà, wọ́n ya ẹyẹ aláwọ̀ búlúù sí ìkòkò náà lára. Ikùn ìkòkò náà tóbi, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ọrùn ìgò. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti là á láti ọrùn dé ìdí.

“Ọmọ mi, ta ló ni igi yìí?”

“Dókítà ni, Mà.”

“Ọdún mélòó ló ti lò nínú ìkòkò yìí?”

“Mo bá a níbẹ̀ ni, Mà. Ọdún mẹ́rin ni mo sì ti lò níbí.”

“Ọdún mẹ́rin!” Ó pariwo débi pé ọkùnrin kan tó ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú gbàgbé ìrora, ó gbójú sókè.

Nígbà tó kan án, dókítà gún un lábẹ́rẹ́ sí ẹ̀rìgì. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni dókítà náà, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ. Ó ṣàlàyé pé gbòǹgbò eyín náà ló bàjẹ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá máa wá kí òun tó tọ́jú rẹ̀ parí. Bí Màmá ṣe gbọ́ “gbòǹgbò” báyìí, ó rántí ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

“Óhítà,” ló wí, nítorí ètè rẹ̀ ti kú, “ihi ín hún ú.”

“Ó ṣì ń dùn yín, Mà? Ẹ pẹ̀lẹ́.” Dókítà bá tún gún un lábẹ́rẹ́ kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ahọ́n pàápàá ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó fọwọ́ béèrè ìwé àti bírò, ó kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà: IGI YÍN Ń KÚ LỌ. ẸNI TÓ BÁ FẸ́RÀN RẸ̀ Á YỌ Ọ́ NÍNÚ ÌKÒKÒ YẸN.

Dókítà kà á, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì kú lójijì. “Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ má fọwọ́ kan ìkòkò yẹn. Ìyá ìyàwó mi ló ní kí amọ̀kòkò kan mọ ọ́n lákànṣe fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣí ibí yìí. Bí wọ́n bá wá, òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò kí wọ́n tó kí mi.”

Màmá Ìkòkò mi orí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bó bá mi orí báyẹn, kò gbà.

Ó jáde sọ́dọ̀ Akọ̀wé láti gba ọjọ́ mìíràn, ó ń kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú ìwé.

“Ọjọ́ Ẹtì ò ní ṣeé ṣe, Mà,” ni Akọ̀wé wí. “Dókítà ń rìnrìn àjò. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa dé. Èmi nìkan ni mo máa wà níbí, tí n ó máa dáhùn fóònù.”

Màmá fi ìdajì ẹnu rẹ́rìn-ín, torí ìdajì kejì ṣì sùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ọjọ́ Ẹtì ni mo fẹ́.

Akọ̀wé kà á, ó wo kọ̀rọ̀, ó tún wo Màmá. “Mà, bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?”

Màmá tún kọ ọ́: Sọ pé ìyá arúgbó kan já wọlé, o ò sì lè lé e. Ta ló máa na arúgbó?

Bí ọjọ́ Ẹtì ṣe dé, Màmá Ìkòkò gbé báàgì méjì. Ìkòkò amọ̀ wà nínú ọ̀kan. Ìwé ìròyìn àtijọ́, ọ̀bẹ búrẹ́dì àti ilẹ̀dú tó ti po mọ́ yanrìn wà nínú ìkejì, torí ọ̀já ìkookò kò fẹ́ kí omi rọ́gún sí òun nídìí.

“Níbo lò ń gbé ọ̀bẹ lọ?” ni ọkọ rẹ̀ béèrè.

“Ọ̀dọ̀ dókítà eléyín.”

Bàbá wò ó, ó wo ọ̀bẹ náà. “Kí o kí wọn o,” ló wí, ó sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

Nígbà tó débẹ̀, Akọ̀wé ti ilẹ̀kùn, wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Wọ́n fa ewéko náà, kò gbọ́. Màmá ki ọ̀bẹ bọ ọrùn ìkòkò láti fi yí i po, gbòǹgbò ti le bí okùn, ọ̀bẹ kò yí. Wọ́n gbé e sínú bókẹ́ẹ̀tì omi fún wákàtí kan kó lè rọ̀. Wọ́n tún fà á.

“Má fa ewé o! Ìdí rẹ̀ ni kó o dì mú.”

“Ìdí rẹ̀ dà, Mà? Ìdí rẹ̀ wà nínú ìkòkò!”

Akọ̀wé wá gbá ìkòkò mọ́ àyà, Màmá di ọ̀já ìkookò mú, wọ́n fi gbogbo agbára fà á. Akọ̀wé yọ̀, ó fi ìdí jókòó gbì, ìkòkò sì wà láyà rẹ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Màmá dúró, ó mí kanlẹ̀. Ó mú òòlù kékeré kan láàárín àwọn irinṣẹ́ dókítà, ó fi lu ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kó. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ìkòkò ṣí sílẹ̀ sí mẹ́ta.

“Yéè! Mo gbé!” Akọ̀wé ká ọwọ́ lérí.

“Dákẹ́. Wò ó ná.”

Erùpẹ̀ tó kù nínú rẹ̀ kò kún ìkúùkù. Gbòǹgbò ló yí ara rẹ̀ po, tó yí po, tó fi dà bí ìkòkò gan-an, tòun ti ikùn àti ọrùn. Màmá jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú u díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń tú òwú lẹ́yìn ìwé. Èyí tó funfun tó sì le, ó fi í sílẹ̀. Èyí tó ti rà, tó rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, ó gé e. Ewéko kan ṣoṣo yẹn di méje; ó ya èyí tó tóbi jù sọ́tọ̀ fún ìkòkò amọ̀, ó fi ìwé ìròyìn wé ìyókù.

Akọ̀wé ní tirẹ̀ ń ṣa àfọ́kù sínú ọ̀rá. Ó dé orí ìdí ìkòkò, ó yí i wò, ó dúró.

“Màmá, ẹ wá wo nǹkan.”

Wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Fún Ọ̀gá wa àgbà, ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yín. Àwa olùkọ́ yín kò ní gbàgbé yín.

“Ọ̀gá àgbà wo nìyẹn?”

“Ìyá ìyàwó Dókítà ni, Mà! Ọ̀gá iléèwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì!”

Màmá wo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìkòkò àkànṣe! Ó rẹ́rìn-ín títí tí eyín fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Inú ẹ̀rín yẹn ni wọ́n wà tí bàtà kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn, kó, kó, kó. Ojú Akọ̀wé yí padà.

“Ọ̀gá àgbà nìyẹn! Mo mọ bàtà wọn!” Kí Màmá tó lanu, ọmọbìnrin náà ti kó sábẹ́ tábìlì. Ilẹ̀kùn tó sọ pé òun tì, kò tiẹ̀ dì dáadáa.

Obìnrin gíga kan wọlé, ó wọ awò ojú, ó gbá báàgì mọ́ àyà. Ó wo kọ̀rọ̀. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ta ló fọ́ ìkòkò mi?”

Ohùn tó ti fi pa ẹgbẹ̀rún ọmọ lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Kí Màmá Ìkòkò tó mọ̀, ó ti dìde dúró, ó ti kó ọwọ́ sẹ́yìn.

“Èmi ni, Mà. Igi ló kọ́kọ́ là á. Èmi kàn bá a parí rẹ̀ ni.”

“Ìkòkò tí mo ní kí wọ́n mọ lákànṣe! Ṣé ẹ mọ ohun tí ojú amọ̀kòkò yẹn rí kó tó parí rẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀, Mà.” Màmá bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdí ìkòkò náà, ó gbé e lé e lọ́wọ́. “Bóyá amọ̀kòkò náà ló kọ èyí sí i.”

Ọ̀gá àgbà kà á. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún kà á. Lábẹ́ tábìlì, nǹkan kan dún fín-ín bí ẹni tó fẹ́ sín.

“Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni, Mà.”

“Jáde.”

“Ibí tí mo wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn, Mà.”

Ọ̀gá àgbà wá ibi jókòó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. “Ìkòkò mẹ́rìndínlógún ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n fi wọ́n kọ́lé ni? Èyí ló tún burẹ́wà jù nínú wọn. Ẹ wo ẹyẹ yìí ná. Ṣé kì í ṣe ẹja ló jọ?”

“Mo rò pé ẹja ni, Mà,” ni Màmá wí.

“Ẹni tí mo mọ̀ pé kò ní yí i wò lábẹ́ láé ni mo fún. Ọkọ ọmọ mi, ẹnu ènìyàn nìkan ló ń wò.” Ó na àfọ́kù náà sí ọ̀rá, ó tún fà á padà. “Mo máa mú èyí lọ.”

“Ẹ mú un lọ, Mà. Ẹ kàn bá mi di ewéko yìí mú kí n rọ erùpẹ̀ sí i ná.”

Bí Ọ̀gá àgbà ṣe bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, tó kúnlẹ̀ sórí ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. “Ó tẹ̀ sí òsì. Ẹ gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí!” Akọ̀wé yọ orí lábẹ́ tábìlì, wọ́n sì rán an lọ gbá ilẹ̀. Màmá kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bomi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú ibi tí òun gé lè gbẹ ná.

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà wọlé, ó bá ìyá ìyàwó rẹ̀ lórí àga, ó bá ọ̀já ìkookò nínú ìkòkò amọ̀ lásán, tí gbogbo ewé rẹ̀ ti rí ibi mí.

“Èmi ni mo ní kí wọ́n fọ́ ọ,” ni Ọ̀gá àgbà wí, kí dókítà tó béèrè. “Ó ti sú mi í wò.”

Dókítà tó ti ń fi áńkáṣífù nu ìkòkò yẹn láràárọ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí la ẹnu sílẹ̀. Akọ̀wé ní òun ráyè ka eyín rẹ̀, ó sì pé.

Láàárín oṣù méjì, ọ̀já ìkookò ti ta ewé tuntun mẹ́ta. Wọ́n tọ́jú eyín Màmá, ó sàn. Ṣùgbọ́n àdúgbò ni kò gbádùn mọ́, nítorí Ọ̀gá àgbà ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń rìn kiri báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ kan rí wọn lókèèrè, ó sáré gbé òdòdó rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó da aṣọ bò ó, ó ń kọrin.

Wọ́n kí i, ó kí wọn. Wọ́n béèrè iṣẹ́, ó ní iṣẹ́ ń lọ. Màmá Ìkòkò ti ń yí padà láti máa lọ.

“Aṣọ yẹn,” ni Ọ̀gá àgbà wí, ó ń tún awò ojú rẹ̀ ṣe, “kí ló dé tó fi ní ewé?”