Erùpẹ̀ Dúdú Creek Road

Mo rántí pé ewé mọ́kànlá ni fláwà yẹn ní lọ́jọ́ tí Màmá fi í lé mi lọ́wọ́. Mo kà á lójú wọn, bí ẹni tó ń gba ẹrù ní wáàfù. Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n, ni àgbà táípíìsì ní ọ́fíìsì wa ní Àpápá, níbi tí a ti ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, kí kọ̀m̀pútà tó dé. Abẹ́ wọn ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Igi inú ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé wọn, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì ní àmì funfun káàkiri. Fláwà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò yọ òdòdó rí. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń fi aṣọ tútù nu ewé yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó ṣí táípù, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ da omi tíì tó ṣẹ́kù sí i.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń lọ ṣe, nínú ikùn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n fi ìdí ìkòkò náà hàn mí: gbòǹgbò ti ń yọ jáde, àyè ti há mọ́ ọn. Wọ́n ti ra ìkòkò amọ̀ tó tóbi jù ú lọ díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè gbé nǹkan mọ́.

“Wá erùpẹ̀ tó dáa, kí o bá mi pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Ìwọ tọ́jú òun, kí dókítà tọ́jú èmi. Tí mo bá dé, a óò wo ẹni tó mọṣẹ́ jù nínú ẹ̀yin méjèèjì.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kí n tó délé wa ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ mí lára. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ẹ̀mí méjì ni wọ́n fi sí mi níkàáwọ́.

Ẹ má fi mí ṣeré o, mo gba máàkì gidi nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ìwé. Wọ́n kọ́ wa pé erùpẹ̀ dúdú ló lọ́ràá. Iyanrìn lásán ló wà ládùúgbò wa, mo ṣá a tì. Lẹ́yìn ọgbà tí àwọn tírélà ń sùn sí ní Creek Road, mo rí erùpẹ̀ kan tó dúdú, tó rọ̀, tó ń dán. Gbogbo Àpápá ló ń rùn bíi dísẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn, imú mi kò mọ ìyàtọ̀ mọ́. Mo bù ú kún báàgì. Mo yọ fláwà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo tú gbòǹgbò tó lọ́ mọ́ra, oje rẹ̀ ta sí mi lọ́wọ́, ó sì yún mi títí di ìrọ̀lẹ́. Mo tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn nídìí, mo bomi sí i, mo wá ń yangàn kiri ọ́fíìsì.

Ọjọ́ kẹrin ni ewé àkọ́kọ́ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní òùngbẹ ni, mo bomi sí i. Òmíràn tún pọ́n, mo tún bomi sí i. Lọ́jọ́ tó ku ewé márùn-ún, ọ̀gá àgbà wá sọ fún wa pé wọ́n ti tún gbé Màmá padà wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. N kò lè sọ ohun tí mò ń rò fún ẹnikẹ́ni, wọn ìbá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó ti fláwà yẹn, mo ń bẹ̀ ẹ́. Igi ni mò ń bẹ̀.

Awakọ̀ tírélà kan tó máa ń mú ìwé ẹrù wá, ọmọ Ajégúnlẹ̀ bíi tèmi, ló bá mi níbẹ̀. Ó ti ìka bọ inú ìkòkò, ó gbé e sí imú.

“Àǹtí, níbo lẹ ti bu eléyìí?”

Mo sọ fún un.

“Ah, Àǹtí. Na engine oil be dis o. Ibẹ̀ la máa ń da ọ́ìlì tá a bá tú kúrò nínú ọkọ̀ sí. Ó ti pẹ́.”

Ojú tì mí. Awakọ̀ tí kò jókòó ìdánwò iṣẹ́ àgbẹ̀ rí ló fi imú tú gbogbo ìwé mi. Òun náà ló ní kí n yọ ọ́ kíá, kí n fọ gbòǹgbò rẹ̀ mọ́, kí n gé èyí tó ti jẹrà, kí n sì fi ọṣẹ fọ ìkòkò. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ni mo fi í sí fún ọjọ́ méjì, títí awakọ̀ náà fi ti Ìjẹ̀bú bu erùpẹ̀ abẹ́ kòkó wá fún mi nínú àpò ìrẹsì. Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bomi sí i àfi tí ìka mi bá bá gbígbẹ nínú rẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ gbé e sóòrùn. Ìyẹn ló nira jù. Mo fẹ́ ṣe nǹkan, kò sì sí nǹkan tó yẹ kí n ṣe ju kí n máa wò ó. Ewé mẹ́ta tún já. Ó ku méjì. Ìròyìn kankan kò wá láti ọsibítù.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, Màmá wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ti rù, aṣọ wọn ti tóbi jù wọ́n lọ. Ibi fèrèsé ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ewé méjì yẹn ṣì wà, ọ̀kan sì ń yọ láàárín wọn, ó ká bí ẹní.

“Kí ló ṣe é?”

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà látòkèdélẹ̀, mo ń sunkún. Màmá gbé ọwọ́ lé ikùn wọn.

“Dìde. Dókítà tèmi náà kò ṣe é dáa lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní láti tún un tú.”

Wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n bá àwọn mú aṣọ tútù wá.

Màmá ti lọ báyìí, èmi náà sì ti dàgbà ju bí wọ́n ṣe wà nígbà yẹn lọ. N kò mọ̀ títí dòní bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ nípa dókítà yẹn, tàbí wọ́n kàn fẹ́ kí n dìde lórí ìkúnlẹ̀ ni. N kò bi wọ́n rí. Tí mo bá ń pààrọ̀ ìkòkò igi nílé mi, mo máa ń kọ́kọ́ gbé erùpẹ̀ sí imú, àwọn ọmọ mi a sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ka ewé.