Ẹnu Ẹlòmíràn Ni Mo Fi Ń Bá Ọkọ Mi Sọ̀rọ̀

Ọdún kẹta tí ọkọ mi ti wà ní London ni í-méèlì dé Òkìtìpupa. Àwọn ọdún tó gbẹ̀yìn 1990 ni. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ nígbà náà. Ará Èkìtì ni mí, iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ọmọ Ìkálẹ̀ ló sì fẹ́ mi. Nígbà tí ọkọ mi ń lọ, ó fi èmi àti ọmọ wa méjì sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí ọ̀nà Ìlútítun.

Kí í-méèlì tó dé, lẹ́tà la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ó lè lo oṣù kan lọ́nà, ó sì lè má dé rárá. Wáyà tẹlifóònù ìlú ti kú láti ìgbà tí àwọn olè ti gé e tà. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn alàgbà ìjọ wa ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tó kéde pé òun lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òkè òkun láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré lọ.

Bí ó ṣe ń ṣe é nìyí. O máa jókòó tì í, o máa sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ, á sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Á kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí kọ̀ǹpútà ń kó ọ̀rọ̀ sí. Ní gbogbo ọjọ́ Tuesday àti Friday, ó ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí wáyà wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, á fi ránṣẹ́, á sì tẹ èsì tó bá wà níbẹ̀ jáde sórí ìwé. Bó bá padà dé, o máa bá èsì rẹ nínú àpòòwé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ mú páásíwọ́ọ̀dù kan wá. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò ní gbàgbé."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Bíi kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló lè ṣí àpótí lẹ́tà yín."

Mo sọ orúkọ àkọ́bí mi fún un. Ó kọ ọ́ sínú ìwé eléwé ogójì kan, sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi. Kò ṣe mí bí ẹni tó fún ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni àádọ́ta ọdún ni, kì í gbóhùn sókè, òun ló ń ka ìkéde fún wa lọ́jọ́ ìsinmi. Bí èèyàn kò bá fọkàn tán irú wọn, ta ni yóò fọkàn tán?

Ọ̀rọ̀ tí obìnrin ń bá ọkọ rẹ̀ sọ nínú yàrá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún alàgbà ìjọ. Ojú tì mí lọ́sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó mọ́ mi lára. Báyìí ló ṣe mọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò mọ̀: ọkọ mi ń ṣètò láti kó èmi àti àwọn ọmọ lọ bá òun. Ó ti kìlọ̀ fún mi kí n má tíì sọ fún ìyá rẹ̀, àfi bí físà bá ti wà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Gàbọ́ọ̀nù láti bí ọdún mẹ́wàá, wọn ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìrìn àjò, Ìyá á dìde kúrò níbẹ̀.

Ọkọ mi wá fi owó ìwé ìrìnnà ránṣẹ́, bó ṣe ti ṣèlérí nínú lẹ́tà tó ṣáájú. Báńkì kan ní Àkúrẹ́ la ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀. Èèyàn máa mú nọ́ńbà kan lọ, á mú káàdì ìdánimọ̀ lọ, á sì dáhùn ìbéèrè kan tí ẹni tó fowó ránṣẹ́ fi síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ọkọ mi kọ sínú í-méèlì: nọ́ńbà, ìbéèrè, àti ìdáhùn. Ìbéèrè náà ni oúnjẹ wo ni mo fẹ́ràn jù. Ìdáhùn rẹ̀ ni púpùrú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí àwọn Ìkálẹ̀ ń jẹ.

Ọjọ́ Wednesday ni Alàgbà fún mi ní àpòòwé náà. Lọ́jọ́ Friday mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́. Akọ̀wé báńkì gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tún un wò.

"Mà, wọ́n ti gba owó yìí."

"Ta ló gbà á?"

"Ẹ̀yin ni."

Ó fa ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ kan jáde. Orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀, ojú obìnrin tí n kò rí rí ló sì wà níbi fọ́tò. Akọ̀wé náà wo káàdì ọwọ́ mi, ó wo ẹ̀dà tó wà níwájú rẹ̀, ó wá ń wò mí bí ẹni tó mú ayédèrú owó wá. Ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tó wá mọ nọ́ńbà, ó dáhùn ìbéèrè, ó ní káàdì, wọ́n sì ti sanwó fún un lọ́jọ́ Tuesday. Bí mo bá ní ẹjọ́, kí n lọ rí ọlọ́pàá.

Ọkọ̀ wa ti dé Ọ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Tuesday yẹn tó ṣí lọ́kàn mi. Ọjọ́ Wednesday ni mo gba lẹ́tà. Ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Tuesday, tó ti ka lẹ́tà náà kí n tó kà á, ẹnì kan ṣoṣo ni. Ìyá kan tó gbé agbọ̀n àgbàdo sẹ́sẹ̀ béèrè pé ṣé inú ń run mí ni.

Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi. Ibo ni mo ti fẹ́ sọ ọ́? Yàrá tó háyà kò ní tẹlifóònù. Fóònù onílé rẹ̀ nìkan ló wà, ọjọ́ Sunday nìkan ni onílé sì ń jẹ́ kó gbé e. Kí n tó lè pè é, mo ní láti wà ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Sunday, kí n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kí n sì sọ ohun tí mò ń wá lọ fún ìyá ọkọ mi. Lẹ́tà ńkọ́? Oṣù kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó yá ni ṣọ́ọ̀bù Alàgbà.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Mo jókòó sórí àga tí mo máa ń jókòó sí. Mo sọ fún un pé kó kọ ọ́ sí ọkọ mi pé wọ́n ti jí owó náà gbà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé kí n fi kún un pé ẹ ò mọ ẹni tó ṣe é?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ má pariwo ọ̀rọ̀ yìí kiri o. Bí Ìyá bá gbọ́, wọ́n á béèrè ohun tí owó náà wà fún. Wọn ò tíì gbọ́ ti ìrìn àjò, àbí?"

Ohùn tó fi ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì náà ló fi sọ ọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi yé: mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní "Ẹ ṣeun, sà."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, èsì dé. Ìlà méjì péré: ọkọ mi ti gbọ́, kí n ní sùúrù. Mo kà á títí. Ọkọ mi kì í kọ̀wé sí mi láì kọ́kọ́ pe oríkì mi. Kò sí oríkì níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkọ mi kọ́ ló kọ èyí, ta ló kọ tọ̀sẹ̀ tó kọjá? Mo kó gbogbo àwọn ìwé náà jáde lábẹ́ aṣọ inú àpótí mi, mo tò wọ́n sórí ibùsùn, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ọkọ mi nínú wọn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi wà bẹ́ẹ̀. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, nítorí pé bí mo bá dáwọ́ dúró, ó máa mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mò ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀: àwọn ọmọ wà dáadáa, òjò pọ̀, epo ti wọ́n. Lọ́jọ́ ìsinmi Alàgbà á bọ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń rẹ́rìn-ín sí i. Oúnjẹ kò wọlé mọ́.

Ìyá ló tú u. À ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀.

"O ti rù. Ṣé ọmọ mi ti fẹ́ òyìnbó ni?"

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Mo sọ gbogbo rẹ̀: owó, Alàgbà, ìrìn àjò. Nígbà tí mo dé orí ìrìn àjò, ó nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò dáhùn ìkíni mi. Mo rò pé mo ti ba ilé jẹ́. Síbẹ̀, èémí mi ń lọ sókè sódò bó ṣe yẹ. Kò sí ohun tí Alàgbà tún lè fi dẹ́rù bà mí.

Lọ́jọ́ Saturday, Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. "Aago mélòó ni mọ́tò Àkúrẹ́ ń gbéra lọ́la?"

Àwa méjèèjì la lọ. Ọkọ mi gbé fóònù.

"Ṣé o ti gba èkejì?" ló kọ́kọ́ bi mí.

"Èkejì wo?"

"Owó tí o ní kí n fi ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò àwọn ọmọ."

"N kò kọ irú ẹ̀ sí ọ. Ṣé o gbọ́ pé wọ́n jí àkọ́kọ́ gbà?"

Ó ní, "Rárá. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà le. Mo rò pé ò ń bínú sí mi ni."

Lórí fóònù yẹn la ti ṣàdéhùn pé ọ̀rọ̀ owó kò ní wọ inú lẹ́tà mọ́ láéláé, àti pé bí ìbéèrè kan bá tún wà, ìdáhùn rẹ̀ yóò jẹ́ ohun tí àwa méjì nìkan gbọ́ lọ́jọ́ tí mo bí àkọ́bí wa. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ń pariwo bí ẹni pé London wà ní òdìkejì odò.

"Ọma mi! Ṣé o fẹ́ kó wọn lọ? Kó wọn lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o sọ ọ́ fún mi, kí n gbọ́ ohùn rẹ."

Lọ́jọ́ Monday, ó tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Èèyàn mẹ́rin wà níbẹ̀. Ìyá jókòó.

"Alàgbà, ọmọ mi ń kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀. Kà wọ́n sí mi létí, gbogbo rẹ̀."

Alàgbà ní àwọn kan ti bà jẹ́ nínú dísíkẹ́ẹ̀tì.

"Èyí tí kò bà jẹ́ ńkọ́?"

Alàgbà ń to ìwé orí tábìlì rẹ̀. Mo ní kó ya ojú ìwé mi fún mi nínú ìwé eléwé ogójì. Ó ya á. Mo ká a, mo fi sínú àpò mi.

Kò jẹ́wọ́. Nígbà tí ìjọ pè é, ó ní àwọn ará Àkúrẹ́ ló ṣe àdàkọ dísíkẹ́ẹ̀tì òun. Ọlọ́pàá kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, ibẹ̀ ló parí sí. Títí dòní n kò mọ obìnrin inú fọ́tò yẹn. Owó méjèèjì kò padà, àìsí wọn ló sì fa ìrìn àjò wa sẹ́yìn ju ọdún kan lọ.

Mo kọ́ ìwé títẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà ìsinmi, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń háyà kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́, mo sanwó wákàtí kan, mo ṣí àpótí lẹ́tà tuntun fúnra mi. Ọmọbìnrin tó ń tọ́ mi sọ́nà kọjú sí ògiri nígbà tí mo fẹ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù. N kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni mo lè tẹ̀ kí wákàtí tó pé.

Nígbà tí físà jáde, Ìyá bá wa dé pápá ọkọ̀ òfurufú. Kò sunkún. Awakọ̀ ló ń bú, pé kò mọ ẹrù dì, títí a fi wọlé.