Wákàtí Kan Péré láti Àbújá

Èmi tí ẹ ń wò yìí, nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹsẹ̀ la fi ń ti oko Wásinmi wá sí Abẹ́òkúta. Àdúgbò Ìjẹmọ níbẹ̀ ni ìyá bàbá mi ń gbé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ránṣẹ́ sóko pé ara ìyá kò yá, bàbá mi ju ọkọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, ó ní, "Ó yá, ká lọ." Kò béèrè bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Oòrùn pa wá, ẹsẹ̀ mi bó, mo sunkún títí bàbá fi gbé mi kọ́rùn.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó wọlé. Ìyá tó wà lórí ẹní bá dìde, ó ní àfi kí òun fọwọ́ ara òun bu omi fún ọmọ òun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nílé wa, a kì í bi ẹni tó ti ìrìn dé ní nǹkan kan kó tó mu omi. Omi ń dà sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, bàbá mi kúnlẹ̀, ó ń mu ún. Ara ìyá yá lẹ́yìn náà, ẹ má sì sọ fún mi pé àgbo nìkan ló wò ó.

Ẹ wá wo ti ìsinsìnyí. Opó kan wà lójúlé kejì sí tiwa, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà sì di ọ̀gá ní Àbújá. Nígbà tí àìsàn dá ìyá yìí dùbúlẹ̀, kò fẹ́ nǹkan mìíràn ju kó fojú kan ọmọ rẹ̀ lọ. Èmi ni mo máa ń bá a gbé fóònù sétí. Kí ni ọmọ máa ń wí?

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà ni pápákọ̀ òfurufú Àbújá sí ti Ìkẹjà, wákàtí kan péré ni bàlúù fi ń fò ó. Ìgbàkigbà tẹ́ ẹ bá ti fẹ́, mo ti dé."

Ṣíọ̀! Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ìgbàkigbà wo? Ṣé ìyá kò tíì fẹ́ ni?

Ìyá á sì gbà á gbọ́, ó mà ṣe o. Á ní kí n bu omi tútù sínú ife, kí n fi àwo dé e, pé wákàtí kan kò pẹ́. Tó bá di àárọ̀, èmi náà ni mo máa dà á nù. Mo ń dà á nù, mo ń pòṣé.

Ó kúkú dé nígbẹ̀yìn. Ọjọ́ ìsìnkú ló dé, tòun ti awò dúdú lójú. Kò tíì kí mi tán tó ti ń ṣàlàyé pé bàlúù ni kò tètè gbéra. Omi tí ìyá ní kí n bù kẹ́yìn, mi ò dà á nù. Mo gbé e fún un tàwotàwo.

Mo ní, "Kọ́kọ́ mumi ná. Ìyá rẹ ló ní ká bù ú dè ọ́."

Ó di ife náà mú, kò lè mu ún. Àánú rẹ̀ kò ṣe mí.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ ní ayé ti dára, ọ̀nà ti kúrú. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi bàlúù yangàn sí mi létí. Bàbá mi tó fẹsẹ̀ rìn, ó bá ìyá rẹ̀ láyé.