Píkọ́ọ̀pù Tí A Fi Géètì Ìkirè Wọ̀n

Òórùn táyà tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn níbi tí mo ti ń pààrọ̀ epo ọkọ̀ mi ní Morrow, ní Georgia, ní Amẹ́ríkà níbí. Kì í ṣe òórùn burúkú. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, bàbá àwọn ọmọ mi sì wà lára wọn. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, á lọ dúró ti àwọn táyà tí wọ́n tò jọ, á máa fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò ọdún. Èmi kì í wọlé mọ́. Mo máa ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, màá sì dúró síta nínú oòrùn títí wọ́n á fi pè mí. Ọmọbìnrin tó ń gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi rò pé oòrùn ni mo fẹ́ràn, ó ní mo jẹ́ ọmọ Áfíríkà lóòótọ́. Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ìwọ náà mọ̀ wá, o mọ bí a ṣe ń gbé ìlú yìí. Láti ìgbà tí a ti ra ilé wa ní Ellenwood, ọkọ̀ kankan ò sùn nínú gáréèjì rẹ̀ rí. Dúrọ́ọ̀mù búlúù ló kún ibẹ̀: ìkòkò, bàtà, ọṣẹ, bẹ́dìṣíìtì, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ méjì àti táìlì ilé ìwẹ̀ fún ilé kan tí a ò tíì kàn lórùlé ní Ìkirè. Ọkọ mi kì í ra abọ́ lásán láìbéèrè bóyá yóò wúlò nílé. Àwọn àga pálọ̀ wa, aláwọ̀ búlúù tó dára, ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn, nítorí ó ní ọjọ́ tí a bá ń kó wọn lọ sílé, kí wọ́n délé ní tuntun. Bí oòrùn bá mú, ọ̀rá yẹn á lẹ̀ mọ́ ènìyàn nítan. Àwọn ọmọ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé inú airport ni àwọn ń gbé ni. Èmi náà ò yàtọ̀ sí i, mo ní dúrọ́ọ̀mù tèmi, mo sì máa ń jowú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni àwa méjèèjì. Nígbà tí àbíkẹ́yìn wa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọkọ mi ní iṣẹ́ ojú kan ti sú òun. Àwọn ilé ìwòsàn ìlú kéékèèké máa ń gba nọ́ọ̀sì fún oṣù díẹ̀, bí ó bá parí, nọ́ọ̀sì á kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ilé ìwòsàn kan ní Alabama ló kọ́kọ́ gbà á. Dípò kí ó máa gbé hòtẹ́ẹ̀lì, ó lọ ra ilé onítáyà. Àwọn òyìnbó máa ń fi í rìnrìn àjò, o ti máa rí i lójú ọ̀nà: yàrá wà nínú rẹ̀, kíṣìnnì wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ náà wà, orí táyà ni gbogbo rẹ̀ sì wà. Mo ní ní Nàìjíríà, bí ó bá sọ pé inú tírélà ni òun ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì á dá owó jọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n sinmi, pé ọdún méjì mẹ́ta péré ni, lẹ́yìn náà ilé yá.

Ilé la kọ́kọ́ rà, a ò tíì ní ohun tí yóò fà á. Irú èyí tí ó rà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ lásán. Ó ní ọrùn gígùn tó máa ń nà wọ inú ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, tí á sì gbé ara lé e níbẹ̀. Ọkọ mi ló fúnra rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nídìí tábìlì oúnjẹ. Ó ní ọ̀tọ̀ ni ohun tí píkọ́ọ̀pù lè fà, ọ̀tọ̀ sì ni ohun tí ó lè gbé sẹ́yìn, bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì nílẹ̀ tí wọ́n tún wá gbé òmíràn pọ̀n ọ́n. Ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń wo ti àkọ́kọ́, tí wọ́n á gbàgbé ti èkejì. Mo fẹ́ kí o mọ èyí dáadáa: ó mọ̀. Ọkùnrin tí kì í fún ọmọdé lóògùn láìṣírò ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni. Kì í ṣe àìmọ̀ ló ṣe é, èyí ló sì ń bí mi nínú títí dòní.

Apá Grayson ni a ti lọ wo ọkọ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ti ń jó orí kóńkérè. Méjì ló wà níbẹ̀ tó wù ú. Ọ̀kan funfun, dísẹ́ẹ̀lì, táyà méjìméjì ló wà lápá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì fẹ̀ bíi ti ìyá olówó. Èkejì kéré sí i, bẹntiróò ló ń lò, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Ọkùnrin tó ń tà á béèrè ohun tí a fẹ́ fà, ọkọ mi sọ fún un, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ ronú kí ó tó na ọwọ́ sí funfun. Ọkọ mi yí i po, ó wọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ pa táyà rẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti yàn án tán, mo ti ń ro ohun tí màá sè bí a bá délé. Ìgbà náà ni ó yọ fóònù, ó sì pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní Ìkirè.

"Wá, fi téèpù wọn géètì Bàbá fún mi."

Géètì ilé bàbá wọn ni. Ọ̀sán ni lọ́hùn-ún, a sì ń wò ó lójú fóònù: irin tí wọ́n kùn ní gíríìnì, òpó búlọ́ọ̀kù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àbúrò rẹ̀ na téèpù láti òpó kan dé èkejì, ó ka iye tó jẹ́. Ọkọ mi náà yọ téèpù tirẹ̀ nínú àpò, àṣé ó ti mú un dání láti ilé, ó wọn ìdí ọkọ̀ funfun, ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó lọ wọn pupa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní, "Daddy, géètì wo lò ń wọ̀n? Alabama la fẹ́ lọ."

"Lẹ́yìn Alabama ńkọ́? Mummy, èyí la máa gbé lọ sílé. Funfun yìí ò lè wọlé, á ha ara mọ́ òpó. Mẹkáníìkì wo ló sì fẹ́ tún dísẹ́ẹ̀lì yìí ṣe ní Ìkirè?"

"Trailer yẹn heavy o. Ìwọ fúnra ẹ lo sọ ọ́."

"I know. Màá máa rọra wà á ni. Slow lane. Ṣé mò ń bá ẹnikẹ́ni sáré ni?"

Mo ní ṣé wọn ò lè wó òpó kan ni. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ hú bàbá rẹ̀. "Bàbá ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ òpó yẹn," ló wí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn ún. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ìwé ìgbélùú wa ò tíì jáde, kò lè lọ sin ín. Ojú fóònù náà ló ti wo ìsìnkú, ó wọ aṣọ funfun, ó dá jókòó sórí àga wa tí a fi ọ̀rá wé. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tó bá jẹ́ ti ilé yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlẹ̀kùn tó ti jẹra, kò gbọdọ̀ yí padà títí òun á fi dé.

Ọkùnrin tó ń tajà béèrè ohun tí a ń bá ara wa sọ. Ọkọ mi ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ọkùnrin náà tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé bí ó bá jẹ́ òun ni, funfun ni. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì ra pupa. Inú bí mi débi pé n kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ní Sunday tó tẹ̀lé e, pásítọ̀ da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbogbo wa ṣe àmín, èmi náà ṣe é sókè.

Àárọ̀ Saturday ló gbéra lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ọrùn ilé onítáyà ṣe balẹ̀ sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ìdí rẹ̀ rì wálẹ̀, imú rẹ̀ sì yọ sókè. Ó wò ó, èmi náà wò ó. Ó ní òun ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà dáadáa. Mo gbé kúlà oúnjẹ sínú ọkọ̀ tèmi, mo sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, torí mo fẹ́ bá a to ilé náà kí n tó padà. Ó ń rọra wà á lóòótọ́, bó ṣe sọ. Àwọn ọkọ̀ ńlá ń kọjá lára wa, ilé náà ń mì lọ mì bọ̀, mo sì ń gbàdúrà láìla ẹnu.

A ti wọ Alabama nígbà tí táyà bẹ́. Kí n tó gbọ́ ìró rẹ̀ dáadáa ni òórùn ti wọlé bá mi, òórùn rọ́bà tó jóná, bẹ́ẹ̀ fèrèsé mi wà ní títì. Ó darí ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ṣe é dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Fóònù mi dún.

"Táyà píkọ́ọ̀pù ni, èyí tó wà lẹ́yìn, lápá òsì. Mummy, má sọ̀ kalẹ̀ o, jókòó sínú ọkọ̀ ẹ."

Apá òsì ni ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré kọjá. Mo ní, "Jọ̀ọ́, pe àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe lójú ọ̀nà."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó."

Ilé yẹn ga. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun ni gbogbo ohun tí mò ń rí, pẹ̀lú àwòrán òkè àti ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n yà sí i. N kò rí ọkọ mi nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. N kò rí ọkọ̀ tó gbá a. Ìró kan ni mo gbọ́, kò tilẹ̀ pariwo tó ti táyà. Mo sáré lọ. Ẹni tó gbá a ti dúró níwájú, ó jókòó sínú koríko, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọwọ́ mi ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó ń wá ibi tí iṣan ti ń lù lọ́rùn ọkọ mi, ó ń tẹ àyà rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ kí àwọn onímọ́tò ìwòsàn tó dé. Iṣẹ́ wa ni, a kì í ṣàìmọ̀.

Georgia ni a sin ín sí. Àwọn ọmọ ló bẹ̀ mí, wọ́n ní ibi tí àwọn á ti lè máa dé ọ̀dọ̀ bàbá àwọn ni àwọn fẹ́. Àwọn ará ilé bínú, àwọn kan ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ṣe ìrántí tiwọn ní Ìkirè. Ilé onítáyà, mo tà á fún ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè. Ṣùgbọ́n píkọ́ọ̀pù náà, nǹkan kan ò ṣe é. Táyà kan ṣoṣo ló bàjẹ́. Ó wà níwájú ilé, ó ń dán, mo sì kórìíra rẹ̀ bí ẹni kórìíra ènìyàn. Níkẹyìn mo ní ilé ló rà á fún, kó máa lọ sílé. Mo gbé e lọ sí Morrow, mo dúró láàárín àwọn táyà tuntun wọ̀nyẹn títí wọ́n fi fi ọ̀kan sí i, mo sì fi í sínú ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sílé.

Nígbà tó dé, àbúrò ọkọ mi pè mí lórí fóònù kí n lè wò ó. Ó ní, "Ìyàwó wa, ó ti wọlé o. Kò fara kan nǹkan kan." Mo rí píkọ́ọ̀pù pupa náà nínú àgbàlá, eruku ti bo táyà rẹ̀. Mo ní kí wọ́n yí fóònù sí ẹnu ọ̀nà. Òpó kan ló dúró. Ibi tí èkejì wà, ilẹ̀ gbalasa ni, géètì gíríìnì náà sì fara ti ògiri níbòmíràn.

"Bọ̀dá, òpó ńkọ́?"

"Àh, a ti wó o láti ìgbà ìrántí Ẹ̀gbọ́n. Lọ́rí tó kó àga wá ò lè wọlé. Mo pe bíríkìlà kan, kí iṣu àárọ̀ tó jinná ó ti tán."

"Ṣé ó le wó?"

"Rárá o. Ó ti gbó. Òòlù díẹ̀ ni."

N kò lè bínú sí wọn, àwọn náà sunkún ẹ̀gbọ́n wọn. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo sì pa fóònù. Òpó tí ẹnìkan torí rẹ̀ pàdánù ẹ̀mí, bíríkìlà kan ló wó o kí ó tó jẹun àárọ̀, kò sì sí ẹni tó ṣe nǹkan burúkú. Ilé ò dúró dè é. Àwa nìkan ni a dúró.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú ọ̀bẹ kíṣìnnì, mo gé ọ̀rá kúrò lára àwọn àga búlúù wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sórí èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Aṣọ àga náà múlọ́múlọ́, ó tutù, ó ṣì rí bí ọjọ́ tí a rà á. Gbogbo ọdún tí ọkọ mi fi jókòó síbẹ̀, kò mọ bí ó ṣe rí lára.